Bàbà, idẹ, fàdákà àti irin ilé tó ti ṣú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fọwọ́ kàn án

Ayọ̀_Ilé

Ẹ ǹlẹ́ níbí o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Àwọn ohun èlò kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ láìpẹ́ yìí, wọ́n sì ti pẹ́ nínú àpótí: ìkòkò bàbà kan, ọ̀pá fìtílà méjì tí mo rò pé idẹ ni, ṣíbí fàdákà bíi mélòó kan, àti ìkòkò irin kan tó wúwo. Gbogbo wọn ló ti ṣú. Bàbà náà dúdú lára, ó sì ní àwọ̀ ewé létí. Ọ̀kan nínú ọ̀pá fìtílà náà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ níbi ìdí rẹ̀, ó jọ pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti rẹ ẹ́ sínú nǹkan rí.

Ẹnìkan ní kí n fi fínígà àti iyọ̀ fọ gbogbo rẹ̀. Ẹlòmíì ní eérú ló dáa jù. Ẹnì kẹta ní ọṣẹ ìfọyín. Mi ò fẹ́ fọwọ́ ara mi ba ohun tó ti dàgbà jù mí lọ jẹ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ẹ kú oríire àwọn ohun èlò náà. Ó dáa tí ẹ béèrè ṣáájú, torí ohun tó ń dán bàbà lè jẹ alumíníọ̀mù, ohun tó sì wo irin sàn lè ba fàdákà jẹ́. Ẹ má tíì wá ohun tí ẹ máa fi fọ̀ wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ fọ gbogbo wọn ná, kí ẹ sì nù wọ́n gbẹ. Ìdọ̀tí lọ́tọ̀, ṣíṣú lọ́tọ̀. Epo, eruku àti èéfín ni ìdọ̀tí, ọṣẹ á kó wọn lọ. Èyí tó bá kù lẹ́yìn ọṣẹ kì í ṣe ìdọ̀tí mọ́, ara ohun èlò náà fúnra rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́, omi, àti imí ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló bá a jà tí òkè rẹ̀ fi di nǹkan mìíràn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà gbogbo tí a bá ń ha nǹkan kó lè dán, à ń bù díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ni. Èmi kì í dán nǹkan ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá òòfà. Òòfà kì í fa bàbà, kì í fa idẹ, kì í fa fàdákà tàbí alumíníọ̀mù. Tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá fìtílà yẹn, a jẹ́ pé irin ni wọ́n fi idẹ bò lórí. Ìbora bẹ́ẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an. Ẹ fi agbára ha á, ẹ ó sì dé ara irin, ìpẹtà á wá yọjú níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ o, òòfà tí kò fà á kò tíì sọ pé idẹ ni látòkè délẹ̀, torí wọ́n máa ń fi idẹ bo síńkì náà. Ẹ yí i dojú dé, kí ẹ wo ibi tó ti máa ń fara kan tábìlì. Tí àwọ̀ mìíràn bá wà lábẹ́, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ máa ń hàn.

Ohun kẹta ni fáníìṣì. Ọ̀pọ̀ idẹ ilé, pàápàá ọwọ́ ilẹ̀kùn àti fìtílà, ni wọ́n ti fi fáníìṣì tí kò láwọ̀ kùn látilẹ̀wá kó má baà ṣú. Tó bá ṣì wà lára rẹ̀, orí fáníìṣì lẹ ó máa nù látàárọ̀ dalẹ́, idẹ abẹ́ rẹ̀ kò ní mọ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ibi tó pọ̀ ń dán, àmọ́ ó ṣú ní tótó-tòtò níbi tí fáníìṣì ti là. Ẹ rẹ òwú díẹ̀ sínú àsítóònù, èyí tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, kí ẹ fi kan kọ́lọ́fín ibi kan. Tí ojú ibẹ̀ bá ń rọ̀ tó sì ń lẹ̀ mọ́ òwú, fáníìṣì ni. Ẹ ṣí fèrèsé tí ẹ bá ń ṣe èyí, kí ẹ sì jìnnà sí iná, àsítóònù máa ń yára gbiná.

Ìyá_Àgbà

Ọmọ mi Ayọ̀, tí o bá ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò bí ẹ̀gbọ́n yẹn ṣe sọ, ìkòkò bàbà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni kì í pẹ́ fèsì.

Gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, tẹ ojú rẹ̀ mọ́ iyọ̀ tó kúnná, kí o wá máa fi pa ara ìkòkò náà, kí o sì máa rọra fún un bí o ti ń lọ. Má lo agbára. Omi kíkan inú ọsàn ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe apá rẹ. Kò ní pẹ́ tí wàá fi rí i tí dúdú yẹn ń là, tí ojú bàbà tó pọ́n bí osùn ń yọ ní gbogbo ipa tí ọsàn gbà kọjá. Omi tó ń ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀ á ti gba àwọ̀ ewé. Bàbà tó ti bàjẹ́ ló ń wọ inú omi lọ yẹn. Má jẹ́ kó gbẹ sára ìkòkò.

Fínígà nìkan tàbí omi ọsàn nìkan á ṣe é, àmọ́ á lọ́ra. Iyọ̀ ló ń tì í lẹ́yìn. Tí ìkòkò bá tóbi, tí omi ọsàn ń ṣàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó ráyè ṣiṣẹ́, da ife fínígà kan sínú abọ́, bu ṣíbí kékeré iyọ̀ kan sí i, rò ó títí iyọ̀ á fi yọ́, kí o sì máa bu ìyẹ̀fun sí i títí á fi ki. Ìyẹ̀fun kò fọ nǹkan kan níbẹ̀, ó kàn ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò ni. Fi kùn ún, fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí o fi omi ṣan án dáadáa. Fún bàbà tó ń dán bíi dígí tẹ́lẹ̀, àpòpọ̀ yìí ló dáa ju ọsàn oníyọ̀ lọ, torí hóró iyọ̀ tí kò yọ́ lè fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti fara balẹ̀ jù ni ṣíṣan. Tí fínígà àti iyọ̀ bá kù díẹ̀ sínú ihò etí rẹ̀ tàbí lábẹ́ ìṣó tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọ̀ ewé á tún padà wá, á sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń sọ pé fínígà kò dáa fún bàbà. Fínígà kọ́, omi tí wọn kò fi ṣan án tó ni. Èmi máa ń fi omi tí mo po bákín sódà díẹ̀ mọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀kan láti pa ìkíkan rẹ̀, kí n tó fi omi lásán ṣan án. Lẹ́yìn náà, aṣọ gbígbẹ lójú ẹsẹ̀. Má fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀, ìkán omi kọ̀ọ̀kan á fi àmì sílẹ̀.

Olùtọ́jú_Ohun_Àtijọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un: kì í ṣe gbogbo ohun tó ti ṣú ló yẹ ká dán.

Ère Òmìnira tó wà ní New York, bàbà ni wọ́n fi bò ó, ó sì nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 2.4. Bàbà yẹn pọ́n nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́dún 1886. Àwọ̀ ewé tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí, afẹ́fẹ́ àti òjò ló fi wọ̀ ọ́, àwọ̀ yẹn sì ni kò jẹ́ kí òjò jẹ bàbà abẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tún ère náà ṣe láàárín ọdún 1984 sí 1986, wọn kò ha àwọ̀ ewé yẹn kúrò.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ ère, agogo àtijọ́ tàbí ohun ọ̀ṣọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú dọ́gba, tó le, tó sì mọ́ lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ tó fún un. Owó ẹyọ àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má dán an rárá. Àwọn tó ń kó owó ẹyọ jọ kì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti ha, iye rẹ̀ á sì já wálẹ̀ lójú wọn lọ́gán.

Àmọ́ àwọ̀ ewé tó rí bí ìyẹ̀fun, tó máa ń kù sí yín lọ́wọ́, tí ẹ bá nù ún kúrò tó tún yọ lójú kan náà, ìyẹn kì í ṣe àwọ̀ tó ń dáàbò bo nǹkan. Iyọ̀ ló wọnú rẹ̀ tó ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ ohun tó níye lórí gan-an, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó wà níbi gbígbẹ títí dìgbà náà.

Ìyá_Àgbà

Òótọ́ lo sọ. Ti ìkòkò ìdáná yàtọ̀ ṣá. Àwọ̀ ewé ara bàbà ní májèlé, kò gbọdọ̀ kan ohun tí èèyàn máa jẹ. Lára ìkòkò, kó kúrò ni.

Ayọ̀, wo inú ìkòkò náà kí o tó fi nǹkan kíkan sínú rẹ̀. Inú ìkòkò bàbà tí wọ́n fi ń dáná sábà máa ń ní ìbora funfun. Nínú ìkòkò òde òní, stainless ni. Nínú ti àtijọ́, tánńganran ni, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tin, tánńganran sì rọ̀. Má fi kànìnkànìn onírin ha á. Bí ó bá dúdú díẹ̀, jẹ́ kó dúdú, kò ṣe nǹkan. Ìwọ̀n 232 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni tánńganran ń yọ́, nígbà tó jẹ́ pé bàbà kì í yọ́ títí di nǹkan bí 1085. Torí náà, bí o bá gbé ìkòkò bẹ́ẹ̀ kaná láìsí nǹkan nínú rẹ̀, ìbora á yọ́, ìkòkò á ṣì dúró gbọn-in. Tí pupa bàbà bá ti yọ gbàgàdà nínú rẹ̀, yéé fi dáná títí wọn á fi fi tánńganran tuntun bò ó. Ìlànà Food Code tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ń gbé jáde kò gbà kí bàbà lásán fara kan oúnjẹ tí pH (òṣùwọ̀n ìkíkan) rẹ̀ bá kéré sí 6, èyíinì ni ohun kíkan bíi fínígà àti omi èso.

Ayọ̀_Ilé

Ẹ ṣeun gan-an ni, Màmá. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ, òòfà kò fa ọ̀pá fìtílà méjèèjì, mi ò sì rí àwọ̀ mìíràn lábẹ́ wọn. Kò sí fáníìṣì lára wọn. Ibi tó pọ́n yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n fi bàbà lẹ̀ ẹ́ ni?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Wọn kò lẹ̀ ẹ́. Bàbà àti síńkì tí wọ́n yọ́ pọ̀ ni idẹ. Síńkì ló ń fún un ní àwọ̀ wúrà. Tí èèyàn bá rẹ idẹ sínú fínígà tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, omi kíkan á kọ́kọ́ kó síńkì lọ, bàbà nìkan á wá kù lójú rẹ̀. Pupa tí ẹ ń rí nìyẹn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, òkè nìkan ló wà. Ẹ ra pọ́líìṣì idẹ tí wọ́n ń fi aṣọ pa, kí ẹ máa fi pa ibẹ̀ ní ìlà kan náà, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Ẹ má yí i ká. Aṣọ á dúdú, ẹ yí i sí ibi tó mọ́, kí ẹ tún tẹ̀síwájú. Àwọ̀ wúrà á tún yọ lábẹ́. Tí idẹ ibẹ̀ bá ti di wúruwùru tó ń bù bí ẹ ti fọwọ́ kàn án, a jẹ́ pé ó ti jinlẹ̀, kò sí pọ́líìṣì tó lè dá síńkì padà sínú rẹ̀.

Fún idẹ tó kàn ṣú lásán, ẹ lè fi àpòpọ̀ oníyẹ̀fun tí Màmá kọ yẹn kùn ún, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó ti bàbà. Ẹ dúró tì í. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ wò ó, ẹ ṣan án.

Ẹ ṣọ́ra fún amóníà pẹ̀lú. Ó wà nínú àwọn omi ìnudígí kan àti pọ́líìṣì mìíràn, ó sì ń dán idẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n idẹ tí wọ́n tẹ̀ tàbí tí wọ́n fà nígbà tó tutù lè là tí amóníà bá ń bá a gbé. Àwọn ọmọ ogun Bírítéènì tó wà ní Íńdíà ní ọ̀rúndún 19 rí èyí lára ọta ìbọn wọn: idẹ ìdí ọta tí wọ́n tọ́jú sí ilé ẹṣin ń là fúnra rẹ̀ nígbà òjò. Òórùn ìtọ̀ ẹṣin tó ń fẹ́ lu idẹ, amóníà ló wà níbẹ̀.

Adùnní_Fàdákà

Mo ti ń dúró kí ọ̀rọ̀ kan fàdákà.

Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín kàn án. Fàdákà rọ̀ ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọyín ni nǹkan líle tó rí wínníwínní wà, tí wọ́n ṣe fún eyín, eyín sì le ju fàdákà lọ fíìfíì. Ó máa dán lójú yín lónìí. Ẹ gbé e sábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀, ẹ ó rí àìmọye ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lórí rẹ̀, ìlà yẹn kì í sì í lọ.

Ohun tó ń sọ fàdákà di dúdú ni imí ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́, nínú ẹyin, nínú àlùbọ́sà, nínú rọ́bà àti irun àgùntàn. Fàdákà àti imí ọjọ́ á di ara wọn mú, wọ́n á di ìbora dúdú. Bí èèyàn bá ha dúdú yẹn kúrò, fàdákà tó wà nínú rẹ̀ ló ń hà dànù. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni ká wá ohun tí imí ọjọ́ fẹ́ràn ju fàdákà lọ. Alumíníọ̀mù ni.

Ẹ tẹ́ pépà fọ́ìlì sínú abọ́ ike tàbí ti dígí, kí ojú rẹ̀ tó ń dán wà lókè. Ẹ to ṣíbí lé e lórí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fara kan fọ́ìlì. Èyí tí kò bá kàn án, nǹkan kan kò ní ṣe é. Fún omi gbígbóná lítà kan, ẹ bu ṣíbí ńlá kan bákín sódà àti ṣíbí ńlá kan iyọ̀, kí ẹ rọra dà á lé wọn lórí. Á hó díẹ̀. Ẹ ó gbọ́ òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́, kò gbọdọ̀ bà yín lẹ́rù, imí ọjọ́ ló ń jáde yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ wo bí dúdú yẹn ṣe ń di àwọ̀ wúrà, tó ń ṣí kúrò lójú ṣíbí láti etí wọnú. Fọ́ìlì náà á ṣú dípò rẹ̀. Tí dúdú bá ṣì kù, ẹ pààrọ̀ omi àti fọ́ìlì, kí ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣan án, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún gbẹ, ẹ sì máa fi aṣọ náà pa á títí dídán rẹ̀ á fi padà, torí ó máa ń jáde nínú omi yẹn pẹ̀lú ojú tó fọ́ díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo fàdákà lẹ lè rì sínú omi yìí o. Ọ̀bẹ tí ọwọ́ rẹ̀ ní ihò nínú, wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà tàbí símẹ́ǹtì di inú rẹ̀. Omi gbígbóná á tú u. Òrùka tàbí ẹ̀gbà tó ní píálì tàbí òkúta tí wọ́n fi gúlù lẹ̀, rárá. Iṣẹ́ ọnà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí kòtò rẹ̀ dúdú kí àwòrán rẹ̀ lè yọ, omi yìí á pa gbogbo dúdú náà rẹ́, á sì ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn, aṣọ ìnufàdákà àti sùúrù ni.

Ẹ wo ẹ̀yìn ṣíbí náà pẹ̀lú. Tí ẹ bá rí 925, fàdákà 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni, bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù. Tí ẹ bá rí EPNS, fàdákà ló wà lókè, irin mìíràn ló wà lábẹ́. Irú èyí kò ní fàdákà tó pọ̀ tí èèyàn á máa hà lọ́dọọdún.

Bàbá_Tùnjí

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dá mi lóhùn lórí ti alumíníọ̀mù. Mo fi bákín sódà se omi nínú ìkòkò wa kó lè mọ́, inú rẹ̀ wá dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Adùnní_Fàdákà

Bàbá, bákín sódà ló ṣe é. Alumíníọ̀mù kò fẹ́ ohunkóhun tó jọ sódà tàbí omi eérú. Ẹ fi omi kún ìkòkò náà dé ibi tó dúdú dé, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i tàbí kí ẹ da fínígà díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó hó pẹ̀sẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Á padà funfun. Dúdú yẹn kò ba ìkòkò jẹ́, ojú ló kàn ń bà. Ẹ dẹ̀ má gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọbọ́, ọṣẹ inú ẹ̀rọ yẹn á tún sọ ọ́ di dúdú.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ọ̀rọ̀ eérú tí wọ́n sọ fún Ayọ̀ náà wọnú èyí. Eérú tó kúnná dáa fún èéfín tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò irin, pẹ̀lú kànìnkànìn àti omi díẹ̀. Ó ní omi tó mú nínú, ó sì ní ohun tó ń ha nǹkan. Kì í ṣe ti alumíníọ̀mù, kì í ṣe ti fàdákà, kì í ṣe ti idẹ tí ẹ fẹ́ kó máa dán bíi dígí.

Ìkòkò irin tó wúwo yẹn ní tirẹ̀, ìpẹtà ni ọ̀tá rẹ̀, fínígà sì lè ràn yín lọ́wọ́ tí ẹ bá ṣọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ fi kànìnkànìn onírin ha á gbẹ, láìsí omi, kí pupa tó ń kù yẹn bọ́ kúrò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyẹn ti tó. Tí ìpẹtà bá ti jinlẹ̀, ẹ po fínígà àti omi lọ́gbọọgba, ẹ rì í sínú rẹ̀, kí ẹ máa yọ ọ́ wò. Bí ìpẹtà bá ti ń rọ̀ tí ó ń bó, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ mọ́jú, fínígà á jẹ ìpẹtà tán, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin gan-an, ojú rẹ̀ á wá ní kòtò kéékèèké.

Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án, ẹ nù ún, kí ẹ sì gbé e kaná díẹ̀ títí omi á fi gbẹ pátápátá lára rẹ̀. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fínígà kì í ní ohun kan tó bò ó mọ́, ó lè tún dípẹtà kí ẹ tó yíjú. Bí ó ti ń lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi òróró ìdáná kùn ún nínú àti lóde. Kí ẹ wá mú aṣọ mìíràn, kí ẹ nu òróró náà kúrò, kó dà bíi pé ẹ kò fẹ́ kó kù rárá. Ibí yìí ló ń ṣe pàtàkì: òróró tó pọ̀ á di nǹkan tó ń lẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ á di awọ dúdú tó le. Ẹ dojú ìkòkò dé sínú ààrò oníná tó gbóná tó ìwọ̀n 230 sí 260 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wákàtí kan, ẹ pa á, kó tutù síbẹ̀. Ẹ tún un ṣe bíi ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ kò ní pa á lára nígbà tí ẹ bá ń lò ó. Rírẹ sínú omi ló ń pa á.

Nọ́ọ̀sì_Ilé

Ẹ dákun, kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà. Mo rí fínígà nínú ìdáhùn tó pọ̀, mo sì mọ̀ pé bílíìṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ má po àwọn méjèèjì pọ̀ láéláé. Bílíìṣì àti ohun kíkan èyíkéyìí, fínígà tàbí omi ọsàn, á gbé èéfín kulorínì jáde, èéfín yẹn sì ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Bílíìṣì àti amóníà náà, májèlé mìíràn ni. Kódà ẹ má fi ọ̀kan tẹ̀lé èkejì nínú abọ́ kan náà láìfi omi púpọ̀ ṣan án. Tí ẹ bá ti fa á símú, ẹ jáde síta lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró palẹ̀ mọ́. Bí èémí bá ń há tàbí tí ikọ́ kò dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ni.

Kọ́sítíìkì sódà kò gbọdọ̀ kan alumíníọ̀mù. Á máa jẹ ẹ́ lójú yín, á máa gbóná, á sì máa tú háídírójìn jáde, gáàsì tó ń gbiná.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà dáa fún gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ, àyàfi fàdákà, torí imí ọjọ́ inú rọ́bà tí Adùnní mẹ́nu bà. Ti òwú tàbí ti náílọ́nù ni fún fàdákà.

Ṣadé_M

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Bílíìṣì tún burú fún stainless o. Wọ́n ń pè é ní stainless, síbẹ̀ ó lè dípẹtà. Kúróòmù tó wà nínú rẹ̀, tí kì í dín sí 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú kò rí, tó sì ń dáàbò bò ó. Bílíìṣì àti iyọ̀ tó bá jókòó sójú kan ń lu awọ yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi dáa ká dúró kí omi hó ká tó da iyọ̀ sí i.

Ẹ má fi kànìnkànìn onírin fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ́rún irin á kù sára rẹ̀, ẹ̀ẹ́rún náà á dípẹtà, ẹ ó sì rò pé ìkòkò ni. Àwọ̀ òṣùmàrè tí iná fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ àti ẹfun funfun tí omi fi sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù, fínígà díẹ̀ ló ń kó wọn lọ. Ẹ bá a nù ní ìhà tí ìlà ara rẹ̀ bá kọjú sí.

Ẹ̀rọ omi tó ní kúróòmù lójú, tí ìpẹtà ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀: ẹ fún fọ́ìlì sí róbótó, ẹ tì í bọ omi, ẹ fi pa á. Fọ́ìlì rọ̀ ju kúróòmù lọ, kò ní fà á ya, ìpẹtà á sì lọ.

Ayọ̀_Ilé

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti mọ́ tán, kí ni mo lè fi pa wọ́n kí wọ́n má baà tètè ṣú padà?

Olùtọ́jú_Ohun_Àtijọ́

Bàbà àti idẹ tí kì í dé orí iná: ìda. Ẹ bu díẹ̀ gan-an sórí aṣọ rírọ̀, kí ẹ fi kùn ún fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi aṣọ mìíràn pa á títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ìkòkò tí ẹ fi ń dáná kò nílò rẹ̀, yóò kàn jóná ni. Lẹ́yìn náà, ẹ dín ọwọ́ yín kù lára rẹ̀. Òógùn ní iyọ̀ àti ìkíkan nínú, àmì ìka sì lè wọ ara idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dán.

Fàdákà tí wọ́n fi ń jẹun kò fẹ́ ìda. Lílò ló fẹ́. Ṣíbí tí ẹ ń lò, tí ẹ ń fọ̀, tí ẹ sì ń nù lójoojúmọ́ kì í ráyè ṣú. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ wé e sínú aṣọ òwú tó mọ́, kí ẹ fi sínú ọ̀rá tó ń dé pinpin. Ẹ má fi rọ́bà dì í, ẹ má wé e sínú ìwé ìròyìn.

Bàbá_Tùnjí

Alumíníọ̀mù ti funfun o, Adùnní, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ gbà mí láyè kan sí i. Ife àtijọ́ kan wà níbí, ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, òòfà kò fà á. Kí ni kí n fi dán an?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Bàbá, ó jọ tánńganran tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ irin mìíràn. Wọ́n ń pè é ní pewter. Nínú ti àtijọ́, òjé sábà máa ń wà níbẹ̀, kò sì sí bí ojú ṣe lè mọ èyí tó ní i yàtọ̀. Ẹ má fi mu nǹkan, pàápàá ohun kíkan, ẹ má sì ha á, kí ẹ má baà fa eruku òjé símú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ, aṣọ rírọ̀, ó tán. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí àwọn ọmọdé kò ti ní fi sẹ́nu.